Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Orúkọ Wa, Síìmù Wa àti Àwọn Gbájúẹ̀

Òwe méjì wà nílé Yorùbá tí wọn kì í jẹun pọ̀. Ọ̀kan ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìkejì ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹni tó pa òwe àkọ́kọ́ ń sọ fún wa pé níwọ̀n ìgbà tí ojú ò ti lè dá ẹni burúkú mọ̀ láwùjọ, kò sẹ́ni tí a ò ní yẹ̀ wò. Ẹni tó pa ìkejì ń sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ mú, kẹ́ ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra síìmù ní Berlin tàbí Hamburg láti bí ọdún mélòó kan, ẹ ti pàdé òwe àkọ́kọ́ yẹn ní káńtà, bí wọn ò tiẹ̀ pa á sí yín létí.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni pé: ṣé ó tọ́ kí gbogbo èèyàn fi orúkọ sílẹ̀ nítorí àwọn díẹ̀ tó ń fi fóònù lu jìbìtì? Tó bá sì tọ́, ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. "Ṣebí pásípọ́ọ̀tù lásán ni wọ́n ní kó o fi hàn?" Ẹ ní sùúrù, ọ̀rọ̀ náà ní ìdí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí òfin náà ṣe rí. Ní Jámánì, láti ọdún 2004 ni òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ fóònù máa gba orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí ẹni tó bá ra síìmù, títí kan èyí tí a máa ń sanwó sí ká tó lò ó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wádìí bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó bá wù ú kó kọ "Ṣàngó, ojúlé kìíní, Òpópónà Ọ̀run" sínú fọ́ọ̀mù, síìmù rẹ̀ á ṣí. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2017, ilẹ̀kùn yẹn tì. Láti ọjọ́ náà, síìmù ò gbọdọ̀ ṣí àfi tí wọ́n bá rí ìwé ìdánimọ̀ rẹ: pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìgbélùú, tàbí ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sá di ìlú náà. O lè fi í hàn ní ṣọ́ọ̀bù, o lè lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, o sì lè gbé e sókè níwájú kámẹ́rà kí ẹnì kan wo ojú rẹ àti fọ́tò rẹ lórí fídíò. Ibi tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí kì í ṣe àpótí lásán. Ọlọ́pàá àti àwọn àjọ aláàbò mìíràn lè gba ọ̀dọ̀ Bundesnetzagentur, àjọ ìjọba tó ń bójú tó fóònù, béèrè ẹni tó ni nọ́ńbà kan, ẹ̀rọ ló sì ń dá wọn lóhùn. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù 10 lọ lọ́dún.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé wọn ò torí àwọn gbájúẹ̀ ṣe òfin yìí. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti ṣọṣẹ́ ní Paris àti Brussels. Àmọ́ òfin kì í dúró síbi tí wọ́n bí i sí. Ẹni tí ìpè ìpolówó ti sú, ẹni tí wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ yọ lẹ́nu, òun náà á sọ pé: "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo síìmù bá ti ní orúkọ, àwọn olè á sinmi." Ìrètí tó mọ́gbọ́n dání ni. Ta ni yóò fi nọ́ńbà tó ní orúkọ òun jalè?

Ó dáa, ṣé wọ́n sinmi? Lọ́dún 2017, ọdún tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn fi sun Bundesnetzagentur nípa ìpè ìpolówó tí kò bófin mu tó nǹkan bí 57,000. Lọ́dún 2021, ó ti ju 79,000 lọ. Mi ò sọ pé òfin náà ló fà á o. Ẹ̀sùn tí èèyàn kọ ránṣẹ́ kì í ṣe iye ìpè tó wọlé gan-an. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, kò yẹ kí ibà máa ga sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ọ̀pọ̀ wa ni ẹ̀rọ pè lórí fóònù, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní Europol tàbí Interpol ni òun, pé wọ́n ti fi orúkọ wa ṣe ohun búburú. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ "Mọ́mì, fóònù mi ti bàjẹ́, nọ́ńbà mi tuntun rèé" gba gbogbo ìlú kan. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo síìmù ti ní orúkọ.

Kí ló dé? Ìdí mẹ́ta ló hàn sí mi.

Àkọ́kọ́, orúkọ tó wà lórí síìmù kò ní láti jẹ́ orúkọ ẹni tó mú un lọ́wọ́. Wọ́n lè rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n lè fi ìwé tí wọ́n jí ṣí i, wọ́n sì lè gbé e wá láti ìlú mìíràn. Ẹ wo ọjọ́ yìí dáadáa: ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni àwọn ìlú Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòpin sí owó àfikún tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé síìmù ìlú kan lò ní ìlú kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí Jámánì ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Wọn kì í béèrè ìwé ìdánimọ̀ kí wọ́n tó ta síìmù bẹ́ẹ̀ ní Netherlands, wọn kì í sì í béèrè rẹ̀ ní Bírítéènì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará wa ní Peckham ṣe mọ̀. Jámánì ti ilẹ̀kùn, Yúróòpù ṣí fèrèsé.

Ìkejì, nọ́ńbà tó hàn lójú fóònù rẹ lè máà jẹ́ nọ́ńbà ẹni tó ń pè ọ́ rárá. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lásán tó wà lókè òkun lè gbé nọ́ńbà Berlin wọ̀ bí ẹní wọ agbádà onígbàdá. Kò ra síìmù kankan, nítorí náà kò sí káńtà tó dúró níwájú rẹ̀.

Ìkẹta, àwọn tó ń fi ìpolówó dá wa láàmú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sá pamọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ní orúkọ, tó ní ọ́fíìsì, ni wọ́n. Òfin ìlú yìí sọ pé owó ìtanràn irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè tó 300,000 yúrò. A ti mọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀, ìyẹn ò sì dá wọn dúró.

Ìlú Hamburg ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí láti ìgbà pípẹ́. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Chaos Computer Club, Berlin ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1981, Hamburg ló sì wá fìdí múlẹ̀ sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1984, wọ́n fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé báǹkì Hamburger Sparkasse wọ inú ẹ̀rọ Btx, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń bójú tó nígbà náà. Wọ́n jẹ́ kí báǹkì náà máa ṣí ojú ìwé olówó wọn léraléra mọ́jú, títí owó fi tó nǹkan bí 135,000 Deutsche Mark. Wọ́n dá owó náà padà, wọ́n sì ké sí àwọn oníròyìn. Ohun tó dùn nínú ìtàn yìí ni pé nínú ìwé àkọsílẹ̀, kò sí olè kankan. Orúkọ báǹkì ló wà níbẹ̀, pé báǹkì fúnra rẹ̀ ló wọlé, pé òun ló sì jẹ gbèsè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ẹgbẹ́ yìí kan náà fi hàn pé èèyàn lè fi ọgbọ́n kámẹ́rà tan àwọn tó ń wo ìwé ìdánimọ̀ lórí fídíò jẹ. Àṣírí yẹn ló mú kí wọ́n dá àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera dúró pé wọn ò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Ọ̀nà fídíò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣí síìmù.

Ẹ jẹ́ ká yà sílé díẹ̀, torí a ò lè ní Jámánì nìkan ló ní ìṣòro yìí. Láti ọdún 2011 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kí gbogbo síìmù ní orúkọ, fọ́tò àti ìtẹ̀ka. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2015, àjọ NCC bu owó ìtanràn tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà lé MTN lórí, 200,000 náírà lórí síìmù kọ̀ọ̀kan, nítorí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí wọn ò fi orúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n padà dín in kù sí bílíọ̀nù 330 lọ́dún 2016. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n tún ní ká so síìmù mọ́ nọ́ńbà NIN. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ìpè àjáde mọ́ síìmù tó lé ní mílíọ̀nù 72 lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìbàdàn àti Òṣogbo ló jẹ́ pé ọmọ ló gbọ́dọ̀ pè wọ́n nígbà náà, àwọn ò lè pe ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kan gééré ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ni àwọn ajínigbé kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Abuja sí Kaduna. Fóònù ni wọ́n fi pe àwọn ẹbí láti béèrè owó ìtúsílẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló ń béèrè ìbéèrè kan náà: bí síìmù bá ti ní orúkọ láti ọdún 2011, ta ni ẹ̀yin ń gbọ́ ohùn rẹ̀ yìí?

Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Orúkọ tí a kọ sínú ìwé àti ẹni tí a mọ̀, nǹkan méjì ni. Tí ẹnì kan bá fẹ́ bá wa dá èésú, a kì í béèrè pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé: ta ló mú ọ wá? Ẹni tó mú un wá ló máa dúró fún un. Tó bá kó owó sá lọ, a mọ ẹnu ọ̀nà tí a máa kàn. Ohun tó ń dá ọwọ́ èèyàn dúró kì í ṣe pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹnì kan. Ó jẹ́ pé ẹnì kan wà tí ojú máa tì nítorí rẹ̀. Òfin síìmù kọ orúkọ gbogbo wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹnikẹ́ni dúró fún ẹnikẹ́ni.

Tàbí ká sọ pé ó fi wá dúró láìbéèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ rántí àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní Lampedusa ní Hamburg. Lọ́dún 2013, nǹkan bí 300 ọkùnrin láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí ogun Líbíyà lé kúrò níbi iṣẹ́ wọn, gba Ítálì dé Hamburg. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní St. Pauli gba bí 80 nínú wọn sílé, àgọ́ wọn sì wà ní Steindamm. Láàárín oṣù Kẹwàá ọdún 2012 sí oṣù Kẹrin ọdún 2014, irú wọn pàgọ́ sí Oranienplatz ní Berlin. Fún ẹni tí kò nílé, nọ́ńbà fóònù ni àdírẹ́sì. Òun ni agbẹjọ́rò fi ń wá a, òun ni ìyàwó rẹ̀ nílé fi mọ̀ pé ó wà láàyè. Nígbà náà, ó ṣì lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó ra síìmù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá dé lónìí, tí ìwé rẹ̀ ò pé, á wá bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ níwèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ yín ṣí síìmù."

Kí lẹ máa sọ? Tẹ́ ẹ bá ní rárá, ẹ ti gé okùn tó so ó mọ́ ilé. Tẹ́ ẹ bá ní ó dáa, tí síìmù yẹn sì bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀ lọ́la, ilẹ̀kùn yín ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín fẹ́ parí lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ lè fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́? Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Tèmi ni pé kí èèyàn má fi orúkọ dúró fún ẹni tí kò lè fi ara dúró fún, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú èésú. Ẹ lọ mọ̀ ọ́n ná. Ẹ mọ ibi tó ń sùn, ẹ mọ ẹni tó bí i, kẹ́ ẹ sì máa rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta pé ẹrù yìí ò sí lórí gbogbo èèyàn bákan náà. Ẹni tó ní owó á wọ ọkọ̀ lọ sí Amsterdam. Olè á ra ti ẹlòmíì. Àwọn tí òfin náà mú dáadáa ni olóòótọ́ àti aláìníwèé.

Mo gbọ́ ohun tí ìjọba ń sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìyá arúgbó tí wọ́n fi irọ́ gba owó ìsìnkú tó fi pamọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ kí ọlọ́pàá rí ibì kan bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Patrick Breyer àti Jonas Breyer, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, gbé òfin orúkọ síìmù yìí lọ sílé ẹjọ́ ní Karlsruhe, wọ́n sì tún gbé e dé Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2020, adájọ́ mẹ́fà nínú méje dá a pé òfin náà ò tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú: orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí nìkan ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn sọ lórí fóònù. Mo gbà pé ó lè ran aṣèwádìí lọ́wọ́ lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n tà á fún wa bí oògùn olè. Ìlú yìí gan-an mọ ohun tí àkọsílẹ̀ lè dà. Ilé ẹjọ́ Karlsruhe kan náà ló sọ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1983, lórí ọ̀rọ̀ ìkànìyàn, pé olúkúlùkù ló ní àṣẹ lórí ìròyìn nípa ara rẹ̀. Ní Lichtenberg ní Berlin, ẹ lè lọ wo ilé tí Stasi ti ń kó fáìlì nípa àwọn aráàlú jọ. Ìwé tí ẹni rere kọ lónìí, ẹni tó máa kà á lọ́la la ò mọ̀.

Kí ló wá lè ṣiṣẹ́? Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà kan. Tí ìyá kan bá kó igi ìdáná sẹ́bàá ọ̀nà oko, tó fẹ́ kọ́kọ́ dé ilé kó tó padà wá gbé e, ààlè ló máa fi lé e: ṣùkù àgbàdo, àkísà, ìkarahun ìgbín. Kò dúró sójú ọ̀nà kó máa gba orúkọ àwọn tó ń kọjá. Ohun tó fẹ́ dáàbò bò ló dáàbò bò. Ní ẹnubodè Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn àtijọ́, oníbodè ló ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tó ń gba owó bodè ló yẹ kó dáhùn fún ohun tó gba bodè wọlé.

Ilé-iṣẹ́ fóònù ni oníbodè wa. Òun ló ń gbé ìpè kọjá, òun ló sì ń gbowó. Ní Nàìjíríà, wọ́n bá oníbodè wí lóòótọ́ lọ́dún 2015, àmọ́ orúkọ ni wọ́n torí ẹ̀ bá a wí, kì í ṣe ohun tó ń gbé kọjá. Ní Jámánì, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2022, òfin sọ fún ilé-iṣẹ́ fóònù pé bí ìpè bá ti òkèèrè wá, tó sì fi nọ́ńbà ilé Jámánì bojú, kí wọ́n bo nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀ kó má hàn. Èyí tó bá gbé 110 ọlọ́pàá sójú, kí wọ́n já a. Ẹ̀sùn nípa nọ́ńbà ayédèrú lọ sílẹ̀ gan-an lẹ́yìn ìyẹn. Wọn ò béèrè orúkọ lọ́wọ́ aráàlú kan kí wọ́n tó ṣe é. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Dípò kí wọ́n máa da gbogbo alángbá dojú délẹ̀ láti wo ikùn wọn, ògiri ni kí wọ́n lẹ̀.

Kí òfin tó ṣe tirẹ̀, ẹ jẹ́ káwa náà ṣe tiwa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí nílé, tàbí ìyá ìyàwó ní Wedding, ẹ bá wọn sọ ọ́ lónìí: bí ẹnikẹ́ni bá pè pé ọmọ yín ni òun, pé wàhálà dé, pé kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ ní kó sọ oríkì rẹ̀. Gbájúẹ̀ lè ní orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, àní ohùn yín pàápàá láyé kọ̀ǹpútà yìí. Ohun tí ìyá yín fi ń kí yín láàárọ̀ kò sí nínú ìwé ìdánimọ̀ kankan.